Kàlẹ́ńdà Ọdún Ìyàn Lára Ògiri Ginka

Ilko Mandzhukov kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Bó bá ti wọlé, á bọ́ kóòtù, á jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìlú Lom ní Bùlùgéríà, létí odò Dánúbè, ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀jáfáfá nìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá ń bi èèyàn pé kí ló ṣe ọkọ̀, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Dókítà tó bá bi aláìsàn ní ìbéèrè méjì, wọ́n á ní ìwé ló ṣì ń kà. Ilko mọ èyí, ó sì ń fi jẹun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Nígbà èwe rẹ̀, mítà ló ń tún ṣe nílé-iṣẹ́ tó ń fi ata àti tòmátì sínú agolo. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n tú ẹ̀rọ inú rẹ̀ tà ní iye irin àlòkù. Ó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó mú wá rí. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Ítálì, ó ń wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oníbàárà mẹ́rìnlá ni Ilko ní: dókítà eléyín, aṣebúrẹ́dì, ẹni tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn, ẹni tó ń lẹ táyà, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé orúkọ ajá dókítà eléyín ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé aṣebúrẹ́dì kọ tirẹ̀ sára ògiri lókè ààrò. Kò sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé kò dára. Bí ó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé, àlàyé á sì pọ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Oníbàárà rẹ̀ tó pẹ́ jù ni Ginka Paskova, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó ń tẹ ìwé ìkéde òkú. Bí èèyàn bá kú ní Lom, wọ́n á lẹ ìwé tó ní àwòrán rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mọ́ òpó iná, mọ́ ibùdó bọ́ọ̀sì. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á tún tẹ òmíràn bó bá pé ogójì ọjọ́, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún méjì, títí di ogún ọdún bí àwọn ọmọ bá ṣì wà nílé. Metodi, ọkọ Ginka, ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti kú láti ọdún mẹ́fà, ìwé tirẹ̀ náà sì wà lára ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó ń wo àwọn tó ń wọlé.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì ọdún 2025, Ginka pe Ilko. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Sátidé àwọn òkú pé, ọjọ́ tí gbogbo ìlú máa ń gbé àlìkámà sísè lọ sí itẹ́ òkú. Ìkéde mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ní kó tẹ̀.

"Ilko, àpótí ímeèlì mi ò ṣí. Ó ní ibẹ̀ léwu."

"Láti ìgbà wo?"

"Mi ò ṣí i rí. Ọmọ àbúrò mi ló ń fi fóònù rẹ̀ gba àwòrán fún mi, ó sì ti lọ sí Jámánì. Gbogbo ayé ló ń lọ sí Jámánì. Àwọn òkú nìkan ló kù tí mo lè gbára lé."

Ilko wọlé, ó bọ́ kóòtù. Ginka wọ yàrá ẹ̀yìn lọ láti se kọfí. Ilko wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó rí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà gbà pé òní jẹ́: ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1997.

Ọ̀rọ̀ náà yé e lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ibi tó ní ààbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní ìwé ẹ̀rí, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀rọ tó gbà pé 1997 la wà yóò wo ìwé ẹ̀rí ọdún yìí bí ìwé tí wọn ò tíì kọ, yóò sì kọ̀ láti wọlé. Àwọn tó gbé ayé ní Bùlùgéríà mọ 1997. Ọdún yẹn ni owó-oṣù di èérún, tí àwọn èèyàn ń jí to ìlà búrẹ́dì.

"Màmá Ginka, ẹ̀rọ yín ṣì wà lórí ìlà búrẹ́dì," Ilko ní. "Ẹ ò sọ fún un pé ó ti tán?"

"Kí lo wí?" Ariwo ìkòkò kọfí ti gba etí rẹ̀.

"Mo ní kọfí yín ń ta sánsán."

Ó yí aago náà sí ọdún 2025. Àpótí ímeèlì ṣí, àwòrán méje ló ti ń dúró níbẹ̀, láti Sípéènì, láti Jámánì. Ginka súre fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ. Ilko mu kọfí, ó wọ kóòtù, ó lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ alátáyà, fóònù rẹ̀ dún. Nígbà tó padà, Ginka jókòó níwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan bí ẹni tó wà nílé-ẹjọ́. Ó ti ṣí ètò ìtẹ̀wé tí Metodi rà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ètò tó tọ́jú orúkọ àti ojú gbogbo òkú tí wọ́n ti tẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni: *Àkókò ìlò ètò yìí parí ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ẹ kàn sí ẹni tó ṣe é.*

Ilko ka á lẹ́ẹ̀mẹta. Ètò tó parí láti 2010, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí? Ó sáré yí aago padà sí 1997. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún jáde. Ètò náà ti rí ọjọ́ òní, ó ti kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, kò sì tún ní gba ọjọ́ mìíràn gbọ́.

"Kí lo fọwọ́ kàn?" Ginka bi í.

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rọ ti gbó."

Irọ́ ni. Ginka gbà á gbọ́, nítorí èèyàn kì í bá ẹni tó mọṣẹ́ jiyàn.

Bàbá Tsolo ló wọlé lásìkò náà. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, létí odò ló ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀kún omi wọ ilé rẹ̀, ó kó gbogbo àwòrán lọ, títí kan ti ìgbéyàwó. Ọdún kejì tí Nevyana ìyàwó rẹ̀ kú yóò pé ní Sátidé yìí gan-an. Àwòrán Nevyana kan ṣoṣo tó kù ló wà nínú kọ̀ǹpútà Ginka. Bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wá lójoojúmọ́ láti bi í.

"Ginka ọmọ mi, ṣé ìyàwó mi ti múra tán?"

"Ẹ padà wá lọ́la, Bàbá."

"Bí òun náà ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo fi dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà." Ó wo Ilko. "Kí ni èyí ń wá níbí? Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," Ginka ní.

Ilko pe nọ́ńbà ẹni tó ṣe ètò náà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan ló gbé e. "Ṣé ajá ńlá ni àbí kékeré?"

"Mò ń wá Ẹnjiníà."

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí nọ́ńbà yìí ti di tèmi, ajá ni mò ń gẹ irun fún. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ń wá a. Ọkùnrin kan láti Lom máa ń pè mí lóṣooṣù, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọkùnrin náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Ilko wo ilẹ̀kùn ìsọ̀, níbi tí ojú Metodi wà. "Ara rẹ̀ wà níbí," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ó fi ìyókù ọjọ́ náà wá ọ̀nà tí kò sí. Ó fẹ́ dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà lánàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dà àná nínú rẹ̀. Nígbà Kérésì, òun fúnra rẹ̀ ló fi ètò kan síbẹ̀ tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò kí ẹ̀rọ lè yá, kò sì béèrè ohun tí ètò náà ń pè ní ìdọ̀tí. Ó ṣe ẹ̀dà àkójọ àwọn òkú sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó gbìyànjú láti fi ètò mìíràn ṣí i. Gbogbo ojú àti gbogbo orúkọ ni wọ́n dì sínú ẹrù kan tí ètò àtijọ́ yẹn nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀.

"Màmá Ginka, ẹ ò ní ẹ̀dà àwọn àwòrán yìí níbòmíràn?"

"Ẹ̀dà wo? Ṣebí nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń pè ọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá."

Kò sọ fún un rí pé kó ní ẹ̀dà, òun náà kò sì ṣe é fún un.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tún wà lórí àga yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò mọ ohun tó ń wá mọ́. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lókè kọ̀ǹpútà, àwòrán àlìkámà àti òdòdó pupa, ọdún 1997. Ó ti rí i lánàá, ó rò pé ohun ìrántí ni. Ginka ti fi gègé yí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì po lára rẹ̀. Sátidé ni. Ilko yọ fóònù, ó wo ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì ọdún 2025. Sátidé ni òun náà. Ó wo Ọjọ́bọ̀, ó wo Ẹtì. Kò sí ọjọ́ tó yàtọ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò dá a lójú ọdún tí òun wà.

"Màmá Ginka, kí ló dé tí ẹ gbé kàlẹ́ńdà ọdún ìyàn kọ́?"

"Metodi ni. Kó tó kú, ó to àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́ sínú páálí kan. Ó ní bí ọdún tuntun bá ti wọlé, kí n sọ ti ògiri kalẹ̀, kí n gbé èyí tó kàn nínú páálí kọ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Lọ́dún tó kú, 1991 ló wà lókè."

"Ẹ ò bi í pé kí ló wà fún?"

"Mo bi í. Ó ní kí n ṣáà máa wo ọjọ́ lára rẹ̀. Èémí ò tó o láti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, Ilko. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ òun nìyẹn. Ọdún yìí ni inú bí mi. Nínú gbogbo ọdún ayé, èwo ni 1997 lára ògiri mi? Mo gbé e kọ́ náà."

"Ọdún tó wà lára ìkéde ńkọ́? Bí ètò bá kọ 1997?"

"Mo máa ń pa á rẹ́, mo máa ń tẹ ọdún tó tọ́ sí i. Mo rò pé ọdún ló máa ń ṣòro fún kọ̀ǹpútà."

Nígbà náà ló yé Ilko. Bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n bá kọjá, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ á padà sí ipò wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Ètò náà kú ní 2010, ẹni tó ṣe é ti pòórá, Metodi sì dá aago padà sẹ́yìn, sí ibi tí ètò náà ṣì ti wà láàyè. Kò mú ọdún kan ṣáá. Ó mú ọdún tí Sátidé rẹ̀ bọ́ sí ojú Sátidé tiwa, nítorí ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sára ìkéde, ìlú á sì fi Metodi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá rìn lọ sí itẹ́ òkú lọ́jọ́ tí kò tọ́. Kàlẹ́ńdà inú páálí ló sì fi ń ṣọ́ ọ kí ọjọ́ ẹ̀rọ má bàa yẹ̀. Ọgbọ́n náà péye. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ní agbára láti to kàlẹ́ńdà ogún ọdún sínú páálí kò kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ pé: ẹ má fọwọ́ kan aago. Ìyàwó tó ń gbọ́ràn kò mọ ohun tí òun ń gbọ́ràn sí. Ẹni kẹta dé, ó bọ́ kóòtù, kò béèrè.

"Èmi ni mo yí aago ẹ̀rọ yín," Ilko ní.

"Nígbà wo?" Ginka bi í.

"Nígbà tí ẹ ń se kọfí."

"Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni mo wà sí ọ."

"Mo mọ̀."

"O tún wá jókòó níbí lánàá, o sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló gbó. Mo sì lọ sílé, mò ń bú ẹ̀rọ."

Ilko wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá Tsolo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́.

"Ẹ má jà," ni bàbá náà wí. "Àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó mi kú lẹ́ẹ̀kejì? Kí lẹ ń wá nínú àpótí yẹn? Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn mi. Omi ò dé ibẹ̀."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ogún ọdún ó lé ni Ginka fi ń fi ojú òkú bo ìlú náà, kò sì sí ẹni tó rántí pé wọ́n ṣì wà níta. Ẹni tó bá wá tẹ ìwé ọdún méjì, ti ọdún kan rẹ̀ ṣì wà lára òpó.

Wọ́n jáde, Ilko gbé àkàbà àti kẹ́mẹ́rà, Ginka gbé omi gbóná àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Ibi tí ìwé bá ti lẹ̀ jù, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá ti gbà, wọ́n á ṣí i wẹ́rẹ́. Alátáyà dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Ilko, ta lò ń jí gbé?"

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Màmá Ginka, ẹ ṣọ́ ọ o. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ti yá lóṣù tó kọjá, láti ọjọ́ yẹn ni kò ti tàn mọ́."

Ginka ò rẹ́rìn-ín. Láàárín Ọjọ́bọ̀ àti ọ̀sán Ẹtì, wọ́n rí ojú mẹ́tàlélógún. Méje ti wà nínú ímeèlì. Ti ẹnì kan ṣoṣo tó kù, ọmọ rẹ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ àtijọ́ wá. Ilko tẹ gbogbo wọn lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, pẹ̀lú ètò ìkọ̀wé lásán tí gbogbo èèyàn ní. Ìlà wọn ò gún tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yòókù ṣì wà nínú ẹrù tí kò ṣeé tú. Ilko sọ fún Ginka pé òun á máa gbìyànjú. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, Bàbá Tsolo wá gba tirẹ̀, ogún ewé. Oòrùn ọdún kan ti ṣá ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ojú Nevyana sì funfun bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé. Bàbá náà gbé ewé kan sún mọ́ ojú.

"Àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà?"

Ilko wo àwòrán náà. Kò rí àmì kankan. "Oòrùn ló jẹ ẹ́, Bàbá."

"Mú gègé wá."

Ó jókòó, ó tẹ́ ewé náà síwájú, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. "Ọ̀tún ni àbí òsì?" Ó wo Ginka. Ginka ò rántí. Ó wo Ilko. Ilko ò mọ obìnrin náà. Ọkùnrin náà fi gègé sílẹ̀, ó di ojú, ó tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu ko ẹlòmíràn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Ó ṣí ojú, ó sì fi àmì náà síbẹ̀. Ó ṣe é lára ogún ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó tọ̀nà.

Ní Sátidé, yìnyín díẹ̀ bọ́ sórí itẹ́ òkú. Ginka da wáìnì pupa sórí ibojì Metodi, ó bu àlìkámà sísè sínú abọ́ bébà, ó ń pín in fún ẹni tó bá kọjá. Ó fún Ilko pẹ̀lú. Ilko gbà á, ó sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ:

"Kí Ọlọ́run dáríjì í."

"Metodi ni mo ń fi tọrọ ìdáríjì fún," Ginka ní. "Èmi pẹ̀lú rẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mú ìwé wá. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ fọwọ́ kàn, kọ ọ́ sílẹ̀, kà á sí mi létí, kí o tó fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa, Màmá Ginka."

Wọ́n jẹ àlìkámà náà lórí ìdúró. Ní ẹsẹ̀ ọ̀nà, Bàbá Tsolo ń lẹ ewé kan mọ́ àgbélébùú onígi Nevyana, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ilko," Ginka ní, "1998 ló kàn nínú páálí. Bí ọdún bá yí, ṣé kí n gbé e kọ́?"

Ilko fẹ́ sọ pé rárá, nítorí kò sí ohun tí kàlẹ́ńdà náà wúlò fún mọ́. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ inú rẹ̀ tọ̀nà.

"Kí lẹ fẹ́?" ó bi í.

Ginka da wáìnì tó kù nínú ìgò sórí ibojì, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ yìnyín lọ.

"Mi ò mọ̀," ó ní.